Ẹ̀jẹ̀ Màmá Tó Lọ Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Àárò yín ń sọ wá. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ti ń san.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀. A rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni, a sì jọ jó. Àṣé èròjà pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara ló kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kí ló dé tí mi ò béèrè ohun tó lọ sílẹ̀ gan-an?

Dókítà fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára báyìí, Màmá kọ̀: "Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ tún fẹ́ gbé e sókè?" Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo bá mi jó?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ̀yin ò bá wọn jó, wọ́n á gbọ́ tiyín. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa.

Àbúrò yín.