Ìfági Tí Ọ̀gá Gbà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Mọ̀múdù Káfíńtà,
                                        Àdúgbò Gàmbàrí,
                                        Ìlọrin.
                                        Ọjọ́ Àlàádì, 15 oṣù Ṣẹẹrẹ, 1978.

Àbdùlkàrímù, ọ̀rẹ́ tí ó di ọmọ ìyá mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kàdúná? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀, àbí ìwọ ni o kò fẹ́ kó lọ, kí o lè máa rí àwáwí fi sá fún iṣẹ́? Ní tiwa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Sàfúrátù ìyàwó mi ní kí n kí ọ dáadáa, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé àga tí o kàn fún òun nígbà ìgbéyàwó wa kò tíì mì. Mo bi í pé ṣé tèmi tí mo kàn wá ń mì ni? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ètè gbogbo wa ti bẹ́, eruku sì ti bo gbogbo nǹkan láti Gàmbàrí títí dé Post Office.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi kò sì dùn. O ní ẹnì kan wá láti Ìlọrin, ó sọ fún yín pé Gàfárù tiwa, tí a jọ kọ́ṣẹ́, ti di kánsẹ́lọ̀, pé ipò ti gùn ún, ó sì dójú ti Ọ̀gá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, títí tí Ọ̀gá fi gba ìfági lọ́wọ́ rẹ̀. O ní bí o bá wálé lóṣù tó ń bọ̀, o kò ní yà kí i. Kárímù, jọ̀ọ́, fara balẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún ọ kò purọ́ tán, ibi tó wù ú ló ti gé ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà ṣojú mi, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí bó ṣe di kánsẹ́lọ̀. Ní ìparí ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò ṣojú wọn ní káńsù, tí Gàfárù sì ní òun náà fẹ́ jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló fẹ́ máa sọ níbẹ̀, ṣé kí wọ́n na ìṣó sí òun ni? Ọmọ àwọn tó ní mọ́tò ló ń bá a du ipò náà. Òun ń fẹsẹ̀ rìn kiri ojúlé, hámà wà nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Ilé tó bá wọ̀ láti tọrọ ìbò, kò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi mi àga tí wọ́n bá ní kó jókòó lé. Bí ó bá ń mì, ó di kó lóṣòó, kó kàn án. Lọ́jọ́ kan ó dé ilé alùfáà kan láti ìgbà tí wọ́n kírun Àìlà, ó ń tún pẹpẹ tí wọ́n ń to wàláà àwọn ọmọ kéwú lé ṣe, ó di Alásàrì kó tó parí, ó sì gbàgbé pé ìbò ni òun wá tọrọ. Ó ti dé ilé kó tó rántí.

Ọjọ́ ìdìbò, alùfáà yẹn ló ṣíwájú àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Àwọn àgbà Gàmbàrí sọ pé bí Gàfárù bá ní kí èèyàn wá gbé àga lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ náà ni onítọ̀hún á gbé e. Ìwọ náà sì mọ̀ pé káfíńtà àti "ẹ padà wá lọ́la", ìyá kan ló bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé. Látìgbà náà, mi ò tún fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Bí wọ́n bá ní òrùlé ilé-ìwé kan ń jò, àwọn yòókù á máa wo fáìlì, òun á ti bọ́ agbádá, á gun àjà lọ wo igi tó gbé páànù ró. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé òun ò mọ ìwé tó wọn, ṣùgbọ́n igi kì í purọ́ fún òun.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ti mú ọmọ kún gbogbo ilé-ìwé, àwọn ọmọ sì ń jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé tuntun kan sí ọ̀nà Fate, káńsù sì fẹ́ kan igba dẹ́sìkì síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Bàbá Àdìsá, ọ̀gá wa, Gàfárù dìde kúrò nínú yàrá ìpàdé. Ó ní bàbá òun nìyẹn, òun ò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Ọ̀gá láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó àsìkò láti yan ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó gbà á, gbogbo wọn yíjú sí i, nítorí òun nìkan ló mọ igi nínú wọn.

Inú Ọ̀gá dùn sí iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àgbà ti dé sí i, ó mọ̀ pé irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní tún wá mọ́. Ó pe èmi àti àwọn márùn-ún mìíràn kí a wá ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìlú gbogbo ló ń kan dẹ́sìkì, kò sí pákó gbígbẹ ní sómìlì kankan. Káńsù ń sáré, òjò ń rọ̀. Ni Ọ̀gá bá ra pákó tútù. Kárímù, bí mo ṣe ń fá a, omi ń dúró sí ojú irin ìfági mi. Ọ̀gá ní kó tó di ìgbà ọyẹ́, á ti gbẹ lábẹ́ àwọn ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń bá iṣẹ́ lọ. A kun fáníìṣì sí i, ó ń dán, ó sì wu ojú. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo mọ òwe yẹn láti kékeré, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ Àtàláátà kan nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá. Gàfárù wọ agbádá funfun. Kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó lóṣòó nínú eruku níwájú Ọ̀gá, kò dìde títí Ọ̀gá fi ṣe àdúà fún un tán. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù mú fáìlì dání, Tíṣà Hadiza tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ti ń dùn. Gàfárù ń rìn láàárín dẹ́sìkì, ó ń fi ìka kàn án. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan, ó dúró. Èmi ni mo kàn án. Ó mọ oríkèé tí mo máa ń gé, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a jọ ń sùn sórí ení kan. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní kí n yá òun ní ìfági mi. Ó yí dẹ́sìkì náà dojú dé, ó ká apá agbádá, ó sì fá abẹ́ rẹ̀ níbi tí fáníìṣì kò dé. O rántí ohun tí Ọ̀gá kọ́ wa, pé kí a di èérún igi mọ́wọ́ pinpin, kí a ka bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta, kí a ṣíwọ́. Bí igi bá gbẹ, èérún á tú ká. Bí ó bá tutù, á dì sójú kan. Ó dì í, ó ṣíwọ́, èérún náà dì rìgìdì. Kò fi han òṣìṣẹ́ káńsù kankan. Ó gbé e lọ bá Ọ̀gá, ó kúnlẹ̀, ó kó o sí i lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ọ̀gá dì í, ó ṣíwọ́. Bákan náà ló rí. Gàfárù wá dìde, ó sọ fún àwọn onífáìlì pé dẹ́sìkì kò tíì tó gbà, kí wọ́n fún Ọ̀gá láàyè kó sá pákó náà kó gbẹ.

Kí ọjọ́ yẹn tó parí ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. O kò ní gbàgbé ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù wa, bí Ọ̀gá ṣe ń fi ìfági kọ̀ọ̀kan lé wa lọ́wọ́ lẹ́yìn Fátíà, tó sì ń sọ pé ọjọ́ tí òun bá gbà á padà, kí onítọ̀hún má pe ara rẹ̀ ní ọmọ òun mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti ṣẹlẹ̀ lójú wa, o rántí Danjuma, kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún un nílùú yìí. Ọ̀gá ní kí n lọ gba ìfági Gàfárù wá. Èmi! Mo lọ. Husseinat ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Gàfárù fi aṣọ mímọ́ wé ìfági náà, ó gbé e fún mi lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Kò bi mí ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé mo mọ̀.

Oṣù méjì tó tẹ̀ lé e le fún un. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn kan ò dáhùn sálámà rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn òbí pàápàá bínú, wọ́n ní ìgbéraga rẹ̀ ló jẹ́ kí ọmọ àwọn ṣì wà nílẹ̀. Èyí ló dùn ún jù. Ó kó ení ilé rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé yẹn, ó sì ń tọrọ ení kiri bó ṣe tọrọ ìbò. Ẹni ńlá kan ní káńsù sọ fún un pé kó kàn fọwọ́ sí ìwé, pé ta ni yóò mọ̀? Ó ní Bàbá Àdìsá á mọ̀. Kárímù, ẹnu yà mí. Níwájú ẹni tó lé e dànù ni kò fẹ́ kí ojú ti òun.

Ọyẹ́ wá dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, mo bá a tó jókòó láàárín dẹ́sìkì yẹn, tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sán, pá, pá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú èyí tí mo kàn ti là. Ọ̀gá ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́, ó wọlé. Ó ní, "Mọ̀múdù, ìwọ mọ̀." Ó ní ẹni mẹ́fà ni òun pè ṣiṣẹ́, gbogbo wọn mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ nìkan ni òun lé dànù. Omi ń bọ́ lójú bàbá yẹn, èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, bí a ṣe kírun tán, Ọ̀gá ní kí n gbé ìfági Gàfárù, kí n tẹ̀ lé òun. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá wa tí kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ogunlọ́gọ̀ tẹ̀ lé wa láti mọ́ṣáláṣí. Gàfárù sáré jáde, ó fẹ́ lóṣòó, Ọ̀gá dì í lápá mú. Ó ní, "Gàfárù, pákó yẹn tutù." Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ó sì gba ìfági lọ́wọ́ mi, ó fi lé e lọ́wọ́, ó tún Fátíà fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

A ti tú gbogbo dẹ́sìkì náà palẹ̀. A to pákó wọn sínú ọyẹ́, a fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Lójoojúmọ́, bí Gàfárù bá ti kúrò ní káńsù, á bọ́ agbádá sílẹ̀, á wá máa bá Ọ̀gá gé igi láìgba kọ́bọ̀. Kó tó di oṣù kẹta, àwọn ọmọ Fate á ti jókòó, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Nítorí náà bí o bá wálé, ilé rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yà, kó tó di tèmi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti Ládi ọmọ rẹ tí mo gbọ́ pé ó ti ń ka Kùránì. Kí gbogbo ará Ìlọrin tó wà ní Kàdúná, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí etí ẹni tó mú ìròyìn yẹn wá.

Ó ku ìkan tí mo ti ń sá fún láti òkè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ṣe àmín tán, Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, "Tìrẹ ńkọ́?" Mo délé, mo gbé e wá fúnra mi, mo fi lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ní ọjọ́ tí Gàfárù bá gba dẹ́sìkì tó kẹ́yìn ni kí n wá béèrè rẹ̀. Bí o bá dé, tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o yá mi ní tìrẹ, má yá mi. Bí ẹni yẹn bá sì tún ní Ọ̀gá gba ìfági ẹnì kan ní Ìlọrin, má bá a jiyàn. Òtítọ́ ni. Tèmi ni.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ láti orí ení kan náà,
                                        tí ó ń fi sáńdípépà ha igi pẹ̀lú
                                        àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́,
                                        Mọ̀múdù Àlàó.