Kútẹ́ẹ̀sì Lára Ìṣáwùrú

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo wọlé ọkọ. Mo ṣì ń kanlẹ̀kùn kí n tó wọ yàrá tí èmi fúnra mi ń sùn. Ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ẹnu mi wúwo láwùjọ, ìwé yìí nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ láì wolẹ̀. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé – ìwé, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ ọkọ mi: ó ń ka ìṣáwùrú. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìwádìí ni. Bàbá mi rò pé ọlọ́pàá ni.

Àbàtà tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìjọba fẹ́ da yanrìn sí ìdajì rẹ̀, kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀gá ọkọ mi kọ́kọ́ wo ohun tó ń gbé inú ẹ̀, àti iye wọn. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi ti bá ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́, onígbà díẹ̀ ṣì ni. Bí iṣẹ́ yìí bá parí síre, lẹ́tà iṣẹ́ gidi á jáde. Ìyá rẹ̀ ń pè láràárọ̀: ṣé ó ti jáde? Bí ẹni ń béèrè oyún. Ìbéèrè oyún gan-an ń bọ̀ lẹ́yìn o, ó ti fi tó mi létí.

Ọ̀gá náà ni Dókítà Ẹsẹ̀-Gbígbẹ. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ nìkan lo gbọ́. Ogún ọdún ló fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa àbàtà, ẹrẹ̀ ò tíì mọ bàtà rẹ̀. Ọkọ mi, nígbà tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta
Ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi sàmì sí ìṣáwùrú kò dé. Wọ́n kọ̀wé fún un, ìwé ọ̀hún ń sinmi lórí tábìlì ẹnì kan. Dókítà ní kí ọkọ mi wá nǹkan kan. "Lo orí ẹ."

Orí ọkọ mi kò lọ jìnnà, inú àpótí mi ló dé. Kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rà fún mi fún ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi kun èékánná. Ó dì í mú bí ẹni jalè, ó ní ṣé kò ní dùn mí? Mo ní rárá o. Irọ́ ni.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta
Igba ìṣáwùrú ló fi kútẹ́ẹ̀sì ṣe ìyàwó nínú àbàtà lónìí. Ìgò mi ti ṣófo.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta
Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́nu iṣẹ́. Àbàtà yẹn lẹ́wà, n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Òṣíbàtà tẹ́ ẹní sójú omi. Lékeléke kan dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá. Ọkọ mi wà nínú omi dé itan, eṣúṣú ń jẹun tiwọn lára rẹ̀. Dókítà wà lórí àga lábẹ́ agboòrùn, ó ń pariwo sínú fóònù: "A ti wọ ibi tó jìn o!" A. Àwọn wo ni a?

Nígbà tí ọkọ mi délé, mo bi í pé kí ni àmì yẹn wà fún. Ó fa agolo bọ́tìnnì mi yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní bí o bá fẹ́ mọ iye tó wà níbí láì kà á tán, bu díẹ̀, sàmì sí i, dá a padà, rò ó pọ̀. Tún bu díẹ̀. Bí elámì bá pọ̀ nínú èyí tó o bù, a jẹ́ pé agolo ò fi bẹ́ẹ̀ kún. Bí elámì bá ṣọ̀wọ́n, a jẹ́ pé àwọn tí kò lámì pọ̀ lọ súà.

Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò mí. Ó ní odidi ọjọ́ méjì ni Dókítà fi ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn. Nígbà tó jáde, mo jó.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta
Wọ́n tún kó igba. Mẹ́rin péré ló ní àmì! Dókítà ṣírò rẹ̀: ẹgbàárùn-ún ìṣáwùrú. Ó ní bí wọ́n bá pọ̀ tó yìí, kí ìjọba máa da yanrìn wọn, ìdajì tó kù tó wọn gbé. Ohun tí ìjọba ń retí láti gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó gbá ọkọ mi lẹ́yìn. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni àlejò ìjọba ń bọ̀. Bí ọkọ mi bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun lòun sàmì, pé iye náà sì tọ̀nà, lẹ́tà di tiwa.

Màmá ọkọ mi kígbe ayọ̀ lórí fóònù, etí mi ṣì ń hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta
Mò ń fọṣọ, mo wo èékánná mi. Kútẹ́ẹ̀sì ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ kẹta ló ti ń ṣí. Omi àti ọṣẹ. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi tí mo kàn ń fọ abọ́ nìyẹn o. Ìṣáwùrú tó ń sùn sómi tó ń jí sómi, tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ńkọ́? Ọkùnrin mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìwé tí wọ́n kà lè kún ọkọ̀ ẹrù. Kò sí ọ̀kan tó kun èékánná rí.

Mo lọ ṣa ìṣáwùrú mẹ́wàá ní bèbè. Mo tọrọ kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé ọ̀kánkán wa, irú tèmi gan-an. Mo ṣe é bí ọkọ mi ṣe ní òun ṣe é: nù ún, kùn ún, jù ú sómi, kò dúró gbẹ. Wọ́n wà nínú báàfù lẹ́yìn ilé. Mo da aṣọ bò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta
Àmì méjì ti bọ́. Bóyá mi ò kùn ún dáadáa ni. Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ pé mi ò kùn ún dáadáa ni.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹta
Méje.

Mo dúró kó jẹun tán. Mo mú un lọ sídìí báàfù, mo sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní ọdún mẹ́rin ni òun fi ń bọ́ eṣúṣú, ìgbà tí òun fẹ́ jèrè ni ìyàwó òun gbé báàfù kalẹ̀. Mo ní ẹ má bínú. Mo ní ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tẹ́ ẹ sàmì sí lẹ tún ń mú, àmì wọn ló ti lọ, ẹ ò dá wọn mọ̀.

Ó jáde pẹ̀lú ìbínú. Bàtà ọ̀tún ló wà lẹ́sẹ̀ òsì.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta
Kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé – ó lóṣòó ti báàfù, ó ń ka. Mẹ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta
Ohùn rẹ̀ padà. Ó ní òun lọ bá Dókítà láàárọ̀ yìí láti sọ ọ́. Kí lẹ wá sọ? "Mo ní ẹ káàárọ̀ sà." Ó tún padà lọ lọ́sàn-án. Kí lẹ sọ nígbà yẹn? "Mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà."

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò túká.

Dókítà ní kí n wá bá wọn gbé omi fún àlejò lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹta
Àlejò mẹ́ta dé sí ọ́fíìsì Dókítà. Ọkùnrin méjì, àti obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Dókítà sọ̀rọ̀ nípa omi àti ẹrẹ̀ títí, wàá rò pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìwé wà lórí tábìlì, bírò lórí ìwé. Ọkọ mi ń làágùn lábẹ́ fáànù.

Inú Dókítà dùn jù. Ó kọjú sí mi níbi tí mo gbé àwo omi sí: "Ìyàwó, ọkọ yín di òṣìṣẹ́ gidi lónìí. Ẹ sọ nǹkan kan fún wa!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀ pé mi ò lè sọ nǹkan kan. Mo wolẹ̀. Ilẹ̀ ò ràn mí lọ́wọ́.

Mo ní: "Ẹ ṣeun sà. Kútẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi sàmì. Kì í pẹ́ nínú omi."

Ohùn mi kéré, mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Obìnrin yẹn gbọ́. Ó gbé ìka ara rẹ̀ sókè, ó wò ó. Kútẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ ti ṣí létí. Ó ní kútẹ́ẹ̀sì kẹ̀? Dókítà ní ọ̀dà àwọn onímọ̀ ni, mà. Obìnrin náà ò wò ó, èmi ló ń wò. Mo ní mo kun mẹ́wàá, mà, méje bọ́ lọ́jọ́ kẹta, mẹ́sàn-án lọ́jọ́ karùn-ún. Dókítà ní ìyàwó ilé ni, mà, ẹ má dá a lóhùn. Obìnrin náà bi í: "Ẹ̀yin ńkọ́, mélòó lẹ kọ́kọ́ fi dán an wò?"

Dókítà bu omi àlejò mu.

Obìnrin náà wá bi ọkọ mi: ìwọ lo sàmì, ṣé òótọ́ ni? Mo gbàdúrà, n kò mọ̀ bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo tọrọ tàbí "rárá". Ọkọ mi wo Dókítà. Ó wo bírò. Ó ní: "Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi ni, mà. Mo ka inú báàfù ẹ̀ fúnra mi. Mi ò lè fọwọ́ sí i." Ó gbé bírò padà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta
Ìjọba ní kí wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da yanrìn kankan. Dókítà ti ń sọ káàkiri pé òun lòun rí àṣìṣe náà.

Lẹ́tà jáde. Ìlà méjì. Ó ní kí ọkọ mi má wá mọ́.

Èmi ni mo gbé fóònù nígbà tí Màmá pè. Mo sọ gbogbo ẹ̀ tán kí ẹ̀rù tó ráyè mú mi. Ó sunkún, ó bú Dókítà, ó bú mi, ó tún bú Dókítà. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Ọkọ mi jẹun, ó fọ abọ́ fúnra rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó rò ó dáadáa. Ó ní títí di ọ̀la, nítorí Ọjọ́ Ajé a ó jọ jáde lọ wáṣẹ́, òun ò sì lè bá ẹni tí òun ń bínú sí rìn jìnnà.