Ohùn Inú Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta

Ìdí bẹ́ǹṣì káfíńtà,
Ẹ̀yìnkùlé wa,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Alátẹ́wọ́ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ ló ń kí ọ. Mo lérò pé ara rẹ le koko, pé ò ń sùn dáadáa, pé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ yín kò sì tíì sọ ọ́ di igi ìgbálẹ̀. Àwa náà wà ní àlàáfíà. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà wo ni ẹ̀yìn kì í dùn? Màmá rẹ ń ránṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá iwájú bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń sáré, tó ń dúró, tó tún ń sáré.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Mo kà á, mo tún un kà. O ní wọ́n ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo onílù kọ́ dùùrù àti ìmọ̀ orin, pé ó ti sú ọ, pé ìka rẹ kì í gbọ́ràn, pé tí ìparí oṣù yìí bá dé, o máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, wàá sì bá bàndì kan lọ. Gbogbo ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí n gbé ìwé náà sílẹ̀ ni gbólóhùn kan tó o kọ sí ìsàlẹ̀: "Ìlù ò ní ohùn dò, kò ní ohùn rè. Kí ni mo fẹ́ fi dùùrù ṣe?" Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. O kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́fà nígbà tí mo sọ ọ́, bó ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Ó wá dà bíi pé ẹnì kan fi í pamọ́ fún ogún ọdún kó tó dá a padà fún mi.

Nítorí náà, má bínú tí lẹ́tà yìí bá gùn. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Màmá rẹ ti gbà kí n sọ ọ́.

O mọ̀ pé bàndì kan náà ni èmi àti màmá rẹ wà. O ti rí fọ́tò tó wà lára ògiri, níbi tí màmá rẹ ti di máìkì mú, tí èmi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú irun tó dúdú kirikiri. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé iṣẹ́ ìránṣọ ló pọ̀ jù, tó fi fi orin sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní ìlù kan nígbà náà, ìyẹn ìlù ńlá tó máa ń wà lápá ọ̀tún wa, tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ni mo ń pè é. Mo ti fún awọ rẹ̀, mo ti dẹ̀ ẹ́, títí mo fi rí ohùn tí mo fẹ́ níbẹ̀, ohùn kan tó máa ń rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọn irin tó ń fún awọ yẹn mọ́. Èmi gan-an kò fọwọ́ kàn án.

Orin kan wà tí a fi máa ń kásẹ̀ eré nílẹ̀, orin jẹ́jẹ́ tí ọ̀gá wa onígìtá kọ. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, gbogbo ohun èlò á dákẹ́, èmi á lu Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta, màmá rẹ á sì gbé ohùn ìkẹyìn, á dì í mú títí èémí rẹ̀ á fi tán. Àwọn èèyàn á pa ojú dé. Èmi náà á pa ojú dé, á sì máa ṣe mí bíi pé gbọ̀ngàn náà ti gbéra kúrò nílẹ̀, tó ń léfòó lọ pẹ̀lú àga àti tábìlì àti gbogbo wa nínú rẹ̀. Mi ò tíì rí ibi tó dùn ún wà bí ibẹ̀ yẹn rí láyé mi.

Lẹ́yìn tí a bí ọ, ohùn màmá rẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò burú rárá, ó tiẹ̀ tún dùn sí i. Ọ̀gá ní kò sí wàhálà, a máa sọ orin náà kalẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òun fúnra rẹ̀ yí ọwọ́ padà lórí gìtá, onífèrè náà yí ọwọ́ padà. Ó wá yíjú sí mi pé kí n wo ìlù mi bóyá ó bá a mu. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí ìwọ náà sọ yìí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mi ò fọwọ́ kan irin ìlù náà, a sì bá eré lọ.

Láti ìgbà yẹn ni ohùn ìkẹyìn náà kò ti jókòó mọ́. Màmá rẹ á gbé e, á ga díẹ̀ ju ibi tó yẹ lọ, á máa wá a bí ẹni tó ń táràrà fún ọwọ́ ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Kò sí ohun tó ṣe é nínú àwọn orin yòókù. Orin yẹn nìkan ni, ní ojú ibi kan ṣoṣo yẹn. Àwọn èèyàn kò pa ojú dé mọ́, ṣe ni wọ́n ń wo ara wọn. Nígbà tó yá, ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, pé bóyá ìbímọ ti ṣe nǹkan sí etí rẹ̀. Kàkà kí n bínú, mo délé, mo ní, "Bóyá kó o kàn sinmi díẹ̀." Ó wò mí, ó ní kò burú. Ó sì sinmi fún ogún ọdún. Ilé yìí lo dàgbà sí. Ṣé o gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nígbà tó bá ń fọ abọ́? Èmi ni mo máa ń fi ìka lu etí bẹ́ẹ̀dì títí wàá fi sùn.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí wá tún ìdérí dùùrù ṣe nílé Tíṣà Àgbà, màmá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ní orin. Oòrùn ọ̀sán kún inú yàrá náà. Kọ́tìnì funfun ń wú wọlé, ó ń rọ̀ padà, eruku igi mi sì ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ láìbalẹ̀. Mò ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fi ìka lu igi náà bí ìṣe mi, ìṣe tí màmá rẹ ti bá mi jà lé lórí títí tó fi sú u. Tíṣà Àgbà ní àwọn ti mọ̀ pé onílù ni mí. Wọ́n wá bi mí pé, níbo ni orin tí mò ń lù yẹn ń lọ? Mo ní ó ń lọ síwájú, Mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó sí. Wọ́n ní kí n padà wá ní Ọjọ́rú, kí n má sì mú òòlù dání.

Bí bàbá rẹ ṣe di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, tòun ti ewú lórí. Ìka mi tóbi, tí mo bá fẹ́ tẹ ọ̀kan nínú àwọn eyín dùùrù, méjì ni mò ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà Àgbà ní ibì kan wà tí àwa onílù ti ṣáájú àwọn yòókù, nítorí ọwọ́ òsì wa ti mọ̀ tipẹ́ pé òun kì í ṣe ẹrú ọwọ́ ọ̀tún. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Mo rí i pé orin máa ń jáde kúrò nílé, á rìn jìnnà, á sì padà wálé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi lulù, ìṣísẹ̀ nìkan ni mò ń kà, mi ò mọ ọ̀nà tí à ń tọ̀. Àwọn ibi tí mo ti máa ń lu ìlù bí ẹni tí ara ń yún, ibẹ̀ gan-an ni orin ti fẹ́ kí n dákẹ́ kó lè yà sọ́nà mìíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá rẹ̀. Nínú àlá náà, mò ń gun àwọn eyín funfun àti dúdú lọ bí àtẹ̀gùn, ẹnì kan ń kọrin lókè, mi ò sì rí ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n mú orin kan wá tí mo fẹ́ràn. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì kan tí a gbà sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí rẹ dání, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin ìparí yẹn. Tíṣà Àgbà gbọ́ ọ dópin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún un gbọ́. Wọ́n ní kí n wá ohùn ìlù yẹn lórí dùùrù. Mo ní ìlù ò ní ohùn kan pàtó. Wọ́n ní kí n ṣáà wá a. Mo wá a, mo sì rí i, eyín dúdú kan báyìí. Wọ́n ní kí n wá ibi tó yẹ kí akọrin balẹ̀ sí. Eyín funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni, èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí n tẹ méjèèjì pọ̀. Ohùn méjèèjì ń gbọ̀n, wọ́n ń ti ara wọn. Tíṣà Àgbà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọn ò mọ ẹni tí akọrin náà jẹ́ sí mi:

"Etí obìnrin yìí dára ju ti gbogbo yín lọ. Ìlù yẹn ló ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ojú ọ̀nà. Mo kàn mọ̀ pé mò ń rìn, gbogbo nǹkan tí mo kọjá lára rẹ̀ sì ní ohùn tirẹ̀: géètì tí wọ́n ń ṣí, omi tó ń kán sínú korobá, agogo kẹ̀kẹ́. Bóyá wọ́n ti ń dún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Màmá rẹ wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí mo wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Ó wá ní:

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń fà mí lọ sókè. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ránṣọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àfi ẹ káàárọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀. Ó yẹ mí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ó wá bá mi nídìí bẹ́ǹṣì níbí, ó ń wo Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí mo ti gbé jáde láti ẹ̀yìn àwọn pákó. Ó ní bí òun bá tún máa kọ orin yẹn láyé òun, Alátẹ́wọ́ ló máa lulù fún òun, kì í ṣe èmi. Ó ní ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohùn òun ń lọ kó tó gbé ọ̀pá ìlù sókè. Inú mi dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku ara ìlù náà.

Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà rẹ dé. Mo sọ fún un pé o kí wa. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, mi ò tíì jẹ́ kó rí i. Inú àpótí irinṣẹ́ mi ló wà.

Mi ò pàṣẹ fún ọ, o ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Kó o tó palẹ̀ ẹrù mọ́, gbé ìlù ńlá rẹ wọ yàrá dùùrù yín lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lù ú lẹ́ẹ̀kan, dúró kó rọ̀ lọ, kó o wá ohùn rẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ. Tó o bá ti rí i, ṣe ohun tí ọkàn rẹ bá sọ. Kọ̀wé sí mi kí n lè mọ̀ bóyá kí n fi ìwé rẹ han màmá rẹ tàbí kí n sun ún.

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ, etí rẹ ò ní di. Wàá bá àwọn tó ń sọ òtítọ́ fún ọ pàdé kí ọjọ́ tó lọ. Bí o ṣe jáde láyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wàá wọlé wá bá wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti di ọmọ kíláàsì rẹ,

Káfíńtà Onílù.

Mo tún rántí: Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu àpòòwé yìí pa nígbà tí ẹ̀rọ màmá rẹ dúró, tí kò sì tún sáré mọ́. Mo yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì ń fi imú kọ orin ìparí yẹn, jẹ́jẹ́. Ó dé ibi tí gbogbo ohun èlò ti máa ń dákẹ́, ó dúró díẹ̀. Ọwọ́ mi wà lára igi ilẹ̀kùn, ìka mi sì ti gbéra. Mi ò lù ú. Ó gbé ohùn ìkẹyìn náà fúnra rẹ̀, ó sì balẹ̀ sí ibi tó yẹ. Mo mọ ibẹ̀ báyìí.