Ẹrù Tí O Ń Tú, Tí O Tún Ń Dì

Yọmí ọmọ mi,

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún ọ: mi ò mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Gbogbo ìgbà tí o ń ṣàlàyé tí mo ń mi orí, orí lásán ni mo ń mì, ojú ló ń tì mí, èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá.

Ṣé dáadáa ni o wà l'Óṣogbo? Wọn kò ní mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, kòkó sì ń so.

Ọ̀rọ̀ kan dé o. Bàbá Ìdùnnú, àfẹ́sọ́nà rẹ, wá láti Òṣú lánàá, ó ní irú iṣẹ́ wo ni ọkọ ọmọ òun ń ṣe. O mọ̀ pé kòkó ni bàbá náà ń rà. Mo bá sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́: pé sọ́fúwià, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ló dì í, ìwọ á tú u, wàá yọ èyí tí ọ́fíìsì kò fẹ́, wàá fi tiwọn sí i, wàá tún un dì. Bàbá ní ṣé lẹ́yìn tí grédà ìjọba, tó ń yẹ kòkó wò, ti lẹ èdìdì mọ́ àpò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, owó oṣù gan-an ni wọ́n ń san lé e. Ó gbé obì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ tún un ṣe, mo ní kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan o, bí irínwó ni, ìgbà tí àwọn tó ni wọ́n bá ti lọ sílé ni o sì máa ń kó o sínú wọn, láìdìde lórí àga. Ó ní ọmọ yàhúù ni, òun kò ní fi Ìdùnnú fún atúẹrù-ẹlẹ́rù. Láti àná ni ìyá rẹ ti ń pè mí ní Lọ́yà.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o sì fún awakọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde ní sọ́fúwià kékeré kan, kí bàbá náà tú u wò pé kò sí òkúta níbẹ̀. Fi ọ̀rá wé e nítorí òjò. Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, ìyá rẹ ní kí n tú u kí òun lè yà á ní fọ́tò sórí Wásáàpù.

Olúwa yóò jẹ́ kí o jèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ kò lè ṣàlàyé. Lọ́la, n óò lọ sí Òṣú, n óò sọ fún bàbá Ìdùnnú pé èmi ni mi ò mọ nǹkan kan, n óò pè ọ́, n óò fi fóònù lé e lọ́wọ́, n óò sì jáde síta, kí n má baà tún ràn ọ́ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹkúndayọ̀