Pákó Tó Kù Díẹ̀

                                        Ìsọ̀ Pákó,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Afárá Kékeré.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹni tí a jọ ru pákó,

Èmi tí òjò pa lábẹ́ afárá, tí ayùn gé ní ìka, tí iná jó ìsọ̀ mi kanlẹ̀, tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́ta, èmi náà ni gbogbo káfíńtà ń dọ̀bálẹ̀ kí lónìí. Ojú rẹ ló ṣe. Kò sí ìkankan nínú ìyà wọ̀nyẹn tó já mi láyà tó èyí tó wà nílẹ̀ yìí. Àmọ́ kí n kí ọ ná. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbà ọ́ láyè gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, ọkàn ni ò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn mi obìnrin, oníkọ̀ǹpútà, ni. Ó ṣe irinṣẹ́ kan fún àwọn tó ń fi JavaScript, ọ̀kan nínú èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́. Bí ògbufọ̀ ló rí: wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún un, òun á lọ sọ ọ́ fún dátábéèsì, ìyẹn àká tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí. Èdè irú àká kan péré ló gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi wá ń kọ́ ọ ní ti irú méjì mìíràn. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò fi han ilé iṣẹ́ ńlá kan. Bó bá kọsẹ̀ lójú wọn, ti ẹlòmíì ni wọ́n á mú.

Àkọsílẹ̀ ọjà ìsọ̀ mi ló fi ń dán an wò. Mo ti fi yangàn ká gbogbo àdúgbò! Àfi bí ọ̀kan nínú àká tuntun náà ṣe gba ìṣó mi lánàá, tó gba gọ́ọ̀mù, tó ní òun ò gba pákó. O mọ̀ pé èmi kì í ka pákó, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Níbi tó yẹ kí iye wà, "ó pọ̀" tàbí "ó kù díẹ̀" ni mo ní kí akọ̀wé máa kọ. Àká àtijọ́ ń gbé e mì láìjiyàn. Tuntun yìí ní àfi nọ́ńbà.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, díẹ̀ yín yìí, mélòó ni?"

Mo ní, "Èyí tó máa kan ẹni tó bá tètè dé ni!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fọwọ́ bojú. Ó ní bí ògbufọ̀ òun bá sọ "díẹ̀" di òdo, á máa lé oníbàárà pé pákó ti tán. Kò jẹun láàárọ̀ yìí. Èmi náà ò lè jẹ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ẹ̀gbọ́n wa awakọ̀, ṣùgbọ́n má sọ èyí fún un o, kò ní yé fi mí ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ Ajé, ìsọ̀ tí mi ò tì rí, àní lọ́jọ́ àìsàn, màá tì í pa. Màá bọ́ ẹ̀wù, màá sì ka gbogbo pákó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Baba Onípákó