Iná Inú Gílóòbù Bàbá

Bọ̀dá mi,

Ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín nígbà tó jẹ́ pé ìwé ló yẹ kí n gbájú mọ́. Ara mi le. Àwọn tí a jọ ń gbélé tilẹ̀ kí mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ ańpù gìtá àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí Bàbá fi odindi ọdún kan tún ṣe fún mi ni. Aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn nítorí ariwo rẹ̀: "Ṣé o fẹ́ wó ilé yìí ni?" Ni mo bá yọ wáyà sípíkà kí ariwo má baà jáde, mo tan ańpù náà bẹ́ẹ̀, mo sì ń ta gìtá sí i. Mo kàn fẹ́ jókòó ti iná pupa inú àwọn gílóòbù rẹ̀, bíi ti ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe wa, kó lè dà bíi pé mo wà nílé pẹ̀lú yín. Mo gbàgbé ìkìlọ̀ Bàbá: "Ẹni tó ta gìtá sí ańpù tí kò ní sípíkà, tiransifọ́mà ló ń sè." Kò pẹ́ tí òórùn ìjóná fi gba yàrá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wé wáyà tiransifọ́mà mìíràn. Bí Bàbá bá bèèrè pé, "Òpè wo ló tún se tirẹ̀?", ẹ ní oníbàárà kan ni.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ fi lẹ́tà yìí pamọ́. Bí àṣírí bá tú, ẹ jẹ́wọ́ pé mo ba ańpù jẹ́; ẹ ṣáà má sọ ìdí tí mo fi jókòó tì í.