Ìrẹsì Ìpáyà Nínú Agbada Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Mi ò ní fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tí inú ń bí mi sí. Bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, màá lọ pariwo rẹ̀ sójú títì Ìkìrun, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá ti padà dé láti Sípéènì. Ó ti ṣí ilé oúnjẹ sójú ọ̀nà Òṣogbo, ní Ìkìrun. Oúnjẹ àwọn ará ọ̀hún ló ń tà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní paéyà. Inú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò jìn ni wọ́n ti ń sè é. Wọ́n á fi nǹkan kan pa á láró títí á fi pọ́n bí ìyeyè, wọ́n á wá to edé ńlá tòun torí tòun tojú sórí rẹ̀, àti ìṣáwùrú tòun tìkarahun, àti tàtàṣé tí wọ́n gé gígùn-gígùn. Àwọn ará Ìkìrun ò rí orúkọ náà pè dáadáa. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́ iye tó ń tà á, wọ́n ní ìrẹsì ìpáyà ni. Orúkọ tó mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà ni abọ́ kan, Màámi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi abẹ la igi ìṣáná sí méjì! Mo ṣírò rẹ̀ lọ́nà gbogbo, kò bára mu. Mo sọ fún Bọ̀dá lórí fóònù pé ọjà ọṣẹ àti magí tí mò ń tà ní Inísà ni kò jẹ́ kí n ráàyè wá. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ lọ ni. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Òkukù ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi. Mo lọ kó ọṣẹ dúdú, ni mo rí pátákó kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé oúnjẹ Sípéènì wà níbí. Obìnrin kan ló ń tà á, lábẹ́ páànù lásán, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì méjì. Tirẹ̀ ò wọ́n, ni mo bá jókòó. Ó gbé ẹyin díndín kan fún mi tó nípọn bí búrẹ́dì, pọ̀tétò ló wà nínú rẹ̀. Tọ́tíyà ló pè é. Ó tún fún mi ní ìyẹ̀fun dídín gígùn kan tí wọ́n yí mọ́ ṣúgà. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Mò ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ló tẹjú mọ́ mi.

"Àǹtí, ojú yín jọ ti ọ̀gá mi àtijọ́ ní Ìkìrun. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ oúnjẹ yìí."

"Àbúrò wọn ni mí."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sè látilé nìyẹn. Bọ̀dá máa ń sọ fún gbogbo ayé pé màmá àwọn ló kọ́ àwọn pé ìdí ìkòkò ló dùn jù. Fọ́tò màmá wà gàdàgbà lára ògiri."

Màámi, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Omi lé sí mi lójú. Mo ní ó mà dáa o, Bọ̀dá ti ronú pìwà dà. Mo tún ra ìyẹ̀fun dídín ọ̀hún sí i, èmi tí kì í ra nǹkan ìpanu lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo ti ń ka owó fún un ló ti tún sọ pé, "Àmọ́ ẹ̀yin ò pọ́n tó màmá yín."

"Màámi? Màámi tó dú bí kóró iṣin?"

"Dúdú bí ti báwo? Àǹtí, òyìnbó ni wọ́n kẹ̀! Àbí bàbá yín fẹ́ méjì ni?"

Mi ò dúró gba ṣéńjì. Èmi! Mo kó ọṣẹ mi sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ìkìrun. Mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ sí ilé oúnjẹ Sípéènì, ó ní, "Ṣé ọ̀dọ̀ onírẹsì ìpáyà? Ẹ ti lówó nìyẹn o, ìyá."

Ó wà lára ògiri lóòótọ́. Ìyá arúgbó òyìnbó kan, ó so aṣọ ìdáná mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ "MÀMÁ WA" sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo wo gbogbo ògiri tó kù, bóyá ẹ wà níbì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ fọ́tò kékeré. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀, àti aago.

Bọ̀dá sáré jáde. "Àbúrò mi! Ìwọ nìyí! Ẹ gbé paéyà fún un o, kò ní sanwó!" Ó ti sanra. Ó ṣì ń rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀.

Mo jẹ ẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí? Edé náà ń wò mí lójú, mo kọ́kọ́ yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrẹsì náà kò rọ̀ bí tiwa, ata ò sí níbẹ̀, òórùn rẹ̀ ṣáà dáa. Ìgbà tí mo kan ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló mú ṣíbí irin wá, ó ń ha á fún mi, ó sì ń pariwo fún àwọn tó wà nídìí tábìlì kejì: "Èyí ni wọ́n ń pè ní sokarátì. Ìdí ìkòkò ni! Ní Sípéènì, àlejò pàtàkì ni wọ́n ń fún. Màmá mi ọ̀hún yẹn ló kọ́ mi."

Ìrẹsì yín ló wà lẹ́nu mi, Màámi. Bó ṣe ń dún kàpẹ̀-kàpẹ̀, bó ṣe ń korò díẹ̀ kó tó dùn. Ìrẹsì tí ẹ máa ń sè nínú agbada tí ẹ fi ń yan gààrí, nítorí ẹ ní ibi tó bá fẹ̀ ni iná ti ń tètè ràn, igi kì í pọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ha ìdí rẹ̀ fún wa. Èmi àti Bọ̀dá máa ń jà sí i.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá láti Òṣogbo, àwọn tó fẹ́ bá a ṣe ìwé ìrìnnà? Àwọn ará ilé kejì ti kó ìkòkò ńlá lọ, ni ẹ bá se ìrẹsì àlejò nínú agbada, ó sì jó nísàlẹ̀. Èmi ni mo gbé abọ́ wọlé. Ọ̀kan nínú wọn gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló jẹ́ kó jóná báyìí?" Bọ̀dá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìyá tó ń bá wa dáná ni." Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú omi ìfọwọ́ dání. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, n ó tún un ṣe."

Kí ló dé tí ẹ kúnlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò da omi náà sí i lórí? Lálẹ́, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò se ìrẹsì nínú agbada mọ́, àfi gààrí. Ẹ rò pé mi ò ṣàkíyèsí.

Èmi ò bínú sí ìyá òyìnbó yẹn o. Ó fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ nílẹ̀ àjèjì, Ọlọ́run á san án fún un. Bọ̀dá lèmi bá wí. Mi ò tíì gbé ohun tó wà lẹ́nu mi mì tí ó fi tẹ̀ sí mi létí. Ó ní páànù òun kan ti lu, iye tí wọ́n ń ta òmíràn ti pọ̀ jù, òun sì ti rò ó pé agbada ìyangààrí bá a mu rẹ́gí.

"Agbada màámi ńkọ́?" ló wí. "Ṣé ó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Mo ní, "Màámi wo?"

Ó wò mí. Mo na ọwọ́ sí ògiri. "Mo ní màámi wo? Ìyẹn, àbí ìyá tó ń bá wa dáná?"

Ojú rẹ̀ bàjẹ́. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, oníbàárà wà nílẹ̀. Mo ní ìgbà yẹn náà, àlejò ló wà nílẹ̀.

"Mo ti bẹ̀ wọ́n," ló wí. "Ó ti pẹ́. Láti Sípéènì, lórí fóònù. Mo sunkún bí ọmọdé."

"Irọ́ lẹ pa. Màámi ì bá sọ fún mi kí wọ́n tó kú. Kí ni wọ́n fi dá yín lóhùn?"

"Wọ́n kàn ní, 'Ṣé o ti jẹun?'"

Màámi, ibẹ̀ ni mo ti gbà á gbọ́. Kò sí òpùrọ́ kan tó lè dá ìyẹn rò. Ẹ̀yin nìyẹn. Bí mo bá fọ́ àwo, tí mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Bàbá jẹ gbèsè wá bẹ̀ yín, ẹ bi í pé ṣé ó ti jẹun. Bí ẹ bá ti béèrè ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ ti dárí jì í, ẹ ò sì sọ fún mi. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé ìbínú yẹn fún yín, tí mi ò kí i dáadáa lórí fóònù, ta ni mò ń bá gbé e nígbà náà? Ṣé ẹ rò pé ẹni tó gbé abọ́ wọlé lọ́jọ́ náà kò ní egbò tirẹ̀? Ta ló bi èmi bóyá mo ti jẹun?

Mo sọ fún un pé màá gbé agbada wá, mo sì máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ lò ó. "Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó jẹ́ kó jóná," mo ní, "ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ." Ó ní òun ti gbọ́.

Mo fi eérú fọ inú rẹ̀. Mi ò kan dúdú ìdí rẹ̀, iná yín nìyẹn. Mo gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ọmọbìnrin kan wá. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀, tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ìrẹsì ìpáyà yín jóná o! Ta ló sè é?"

Bọ̀dá wo ògiri. Ó wò mí. Ó sọ ọ́ sínú.

"Ẹ ní kí ni?" ni tíṣà wí.

"Mo ní ìyá mi ni!" Ó pariwo débi tí àwọn tó wà ní ìdáná fi yọjú. "Ìyá mi ló ń sè é báyìí. Ìyá tó bí mi, níbí, ní Ìkìrun. Agbada wọn nìyí."

Mo gbọ́ ọ, Màámi. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. Ó kàn dúró, ó ń wo ẹnu mi, mo sì mọ ohun tó ń retí kí n bi òun.

Mi ò bi í. Mo ha ìdí ìkòkò tó kù sínú ọ̀rá, mo so ó, mo wọ bọ́ọ̀sì Inísà, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó délé.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.